Ìṣẹ́jú méjì péré: ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù amí, àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè jí níbẹ̀

Ẹ kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jọ, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù amí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wá ni ìbọn ìṣeré. Lẹ́yìn náà, kóòtù dúdú. Fóònù tí wọ́n máa fi ya fíìmù ò tíì ní iná lára, wọ́n ti ń jà lórí ẹni tó máa wọ kóòtù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Thread yìí máa gùn díẹ̀ o, ẹ wá ẹ̀pà sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àròsọ. Láti nǹkan bí 2008, fún ọdún mélòó kan, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Media Studies lábẹ́ OCR nígbà náà ṣe é fún máàkì: ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù tuntun pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣe é, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 2 lọ, gúrúùpù ò gbọdọ̀ ju èèyàn 4 lọ. Kí wọ́n tó débẹ̀, ìdánrawò kékeré kan wà. Ẹnìkan á ṣí ilẹ̀kùn, á rìn kọjá nínú yàrá, á jókòó síwájú ẹlòmíì, wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀ síra wọn. Ó parí. YouTube ṣì kún fún irú ẹ̀ dòní, ó sì dájú pé ọmọ Yorùbá tó wà ní London ò ní ṣàì sí lára àwọn tó ṣe é.

Ẹ tún ìdánrawò yẹn kà. Ilẹ̀kùn, yàrá, àga, ẹni méjì. Bí ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì bá mọ ohun tí ẹnìkejì ò mọ̀, fíìmù amí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìbọn ò tíì wọ ọ̀rọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Jámánì, 1928.

Fritz Lang ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Metropolis jáde lọ́dún tó ṣáájú ni. Owó tí fíìmù yẹn jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Ufa, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, di ẹdun arinlẹ̀. Nítorí náà, fíìmù tó kàn ò lè ní ìlú ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ àti èrò rẹpẹtẹ mọ́. Òun àti Thea von Harbou, ìyàwó ẹ̀ tó máa ń bá a kọ ìtàn, bá mú ọ̀rọ̀ amí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná nígbà yẹn: ní oṣù karùn-ún 1927, ọlọ́pàá London ya wọ Arcos, ilé òwò àwọn Soviet, wọ́n ń wá ìwé àṣírí. Orúkọ fíìmù náà ni Spione.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ ń ṣí séèfù. Ìwé kúrò níbẹ̀. Alùpùpù ń sáré. Òpó rédíò ń fọ́n ìròyìn káàkiri. Wọ́n yìnbọn pa èèyàn pàtàkì kan nínú mọ́tò, wọ́n gbé báàgì ẹ̀ lọ. Ní ọ́fíìsì ìjọba, gbogbo wọn ń sá sókè sá sódò. Ẹnìkan já wọlé pé òun ti mọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kó tó dárúkọ, ọta ìbọn gba ojú fèrèsé wọlé bá a. Ẹni tó kù ké pe Ọlọ́run pé agbára wo ló wà lẹ́yìn èyí. Lójú ẹsẹ̀, ojú ọkùnrin kan kún gbogbo ibi tí ẹ lè wò. Èmi ni, ló dáhùn.

Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, fíìmù náà ò sì lóhùn rárá.

Ẹ ka ohun tí wọ́n lò níbẹ̀: ọwọ́, ìwé, báàgì, fèrèsé, ojú. Àwọn nǹkan tó wà nílé yín nìyẹn. Lang ò ní owó láti fi gbogbo ìlú hàn yín, ló bá fi àyè kékeré kékeré hàn, ó sì jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín so ó pọ̀. Àìlówó ló kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń lé gbogbo ẹ̀: ta ni?

(Àwa náà mọ ìbéèrè yẹn dáadáa. Kọ́lá Akínlàdé sọ ìwé kan ní Ta Ló Pa Ọmọọba?, ẹ ò tíì ṣí ojú ewé kìíní tí ọkàn yín ti ń wá ẹni tó ṣe é. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí náà fún wa ní Làpàdé nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Ẹni tó bá ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe tiwa, kó lọ bi àwọn tó kà á nílé ìwé.)

1935, London. Hitchcock ṣe The 39 Steps. Lẹ́tà oníná ló kọ́kọ́ hàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí ẹ fi rí i pé MUSIC HALL ni. Òjìji ọkùnrin kan níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ bó ṣe ń wá ibi jókòó. Ó ṣe díẹ̀ ká tó rí ojú Hannay. Lórí pèpéle, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mr Memory ń dáhùn ìbéèrè àwọn èrò, ẹ̀rín ń sọ. Ìjà dé, ìbọn dún, gbogbo èèyàn ń sá jáde, obìnrin kan bá ní kí Hannay jọ̀ọ́ mú òun lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀bẹ ti wà lẹ́yìn obìnrin náà.

Ibi tó dùn mí jù rèé: orí Mr Memory ni àṣírí tí gbogbo wọn ń wá kiri wà. A ti rí i látìbẹ̀rẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín. (Fíìmù yẹn ti lé lọ́dún 90, n ò ní tọrọ àforíjì fún spoiler.) Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣètò ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ òpin, kódà bí kò bá ní ya òpin náà láéláé. Ìdí tí púpọ̀ nínú àwọn fíìmù ìṣẹ́jú 2 wọ̀nyí fi ṣófo nìyẹn. Báàgì wà, wọ́n ń lé ara wọn nítorí ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gúrúùpù wọn kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín ohun tó wà nínú báàgì.

1958: Touch of Evil, ti Orson Welles. Kì í ṣe fíìmù amí gan-an, àmọ́ ẹ ò lè fo ó. Ẹnìkan yí aago bọ́ǹbù, ó sá lọ tì í sínú búùtù mọ́tò kan. Lẹ́yìn náà, fún ìṣẹ́jú tó lé ní 3, kámẹ́rà tó wà lórí kíréènì ń tẹ̀ lé mọ́tò náà nínú ìlú ẹnubodè láì gé e rárá. Tọkọtaya kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ń ṣeré ìfẹ́. Ẹ̀yin mọ̀, àwọn ò mọ̀. Ilé iṣẹ́ Universal bá lọ kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sórí ẹ̀, wọ́n sì fi orin bò ó. Inú bí Welles. Ó ti kọ ìwé olójú ewé 58 sí wọn lórí ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe, wọn ò dá a lóhùn tó bó ṣe fẹ́. 1998 ni Walter Murch tó tẹ̀ lé ìwé yẹn, ó nu orúkọ kúrò, ó sì dá ohùn ìgboro padà: rédíò mọ́tò, orin láti ilé ọtí. Welles ti kú ní 1985.

Ẹ fi orin tó ń pariwo sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ohùn ọjà tó wà lẹ́yìn ilé yín máa ń bani lẹ́rù jù ú lọ bí a bá mọ̀ pé bọ́ǹbù wà níbẹ̀.

Ó ti tó àsìkò James Bond, mo mọ̀ pé òun lẹ̀ ń dúró dè.

Ihò ìbọn funfun tó máa ń rìn kọjá yẹn, Dr. No ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Maurice Binder ló ṣe é. Ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó ni fíìmù ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kò sì ní nǹkan lọ́wọ́. Ó rí bébà funfun róbótó tí wọ́n fi ń lẹ iye owó mọ́ ọjà, ó fi wọ́n ya ètò ẹ̀ bí ẹni pé ojú ọta ìbọn ni wọ́n. Òun ló gbé lọ. Nígbà tí wọ́n sì yà á, Sean Connery kọ́ ló wà níbẹ̀, Bob Simmons ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe eré ewu nínú fíìmù. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀, torí kò sẹ́ni tó lè rí ojú ẹ̀ dáadáa.

Lójú tèmi ṣá o, ti 1963 ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò. From Russia with Love ni Bond àkọ́kọ́ tó ní ìtàn kékeré ṣáájú orúkọ fíìmù. Ọgbà òdòdó, òru. Bond ń yọ́ rìn. Ẹnìkan ń ṣọ́ ọ. Ẹni náà fa wáyà yọ láti inú aago ọwọ́, ó fún Bond lọ́rùn pa. Iná tàn. Ọ̀gá kan yọ aago wò: ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52. Wọ́n bó ìbòjú kúrò lójú òkú, ẹlòmíì ni. Ìdánrawò àwọn apànìyàn ni gbogbo ẹ̀. Ọgbà yẹn gan-an, ti ilé iṣẹ́ Pinewood tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù náà ni. Wọn ò rìn jìnnà.

Ṣé ẹ rí i? Bond, fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbọn, ìbọn kọ́ ló pààyàn níbẹ̀.

Mo sì ní ìdí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ ìbọn yìí. Ẹ má gbé ìbọn ìṣeré jáde sí títì ní Nàìjíríà nítorí iṣẹ́ ilé ìwé. Ọlọ́pàá tó ń kọjá ò rí kámẹ́rà yín, ìbọn nìkan ló rí. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ náà ò mọ̀ pé eré ni, ariwo olè ló máa pa, ẹ sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú ariwo bẹ́ẹ̀. Máàkì kan ò sí tó tó ìyẹn. Bí ìbọn bá pọn dandan, inú ilé ni, kí gbogbo àdúgbò sì ti gbọ́.

Èyí tó kẹ́yìn: The Conversation, Francis Ford Coppola, 1974. Ẹ̀ ń wo Union Square ní San Francisco látòkè, kámẹ́rà ń sún mọ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èrò ń jẹun ọ̀sán, ẹnìkan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Tọkọtaya kan ń rìn yípo, wọ́n ń sọ̀rọ̀, àwọn tí Harry Caul kó jọ sì ti na máìkì sí wọn láti orí ilé. Ohùn wọn ń já, ó ń padà. Gbogbo fíìmù tó kù dá lé ohun tí Harry rò pé òun gbọ́. Gbólóhùn kan náà ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹnu mọ́ nínú ẹ̀ ló yí ìtumọ̀ padà, ìgbà tó sì máa yé e, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ará mi, ta ló yẹ kó mọ irú fíìmù yìí ṣe tó wa? Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí kò ní àmì kankan lórí: "oko ti de". Ọkọ ni? Ọkọ̀ ni? Ọ̀kọ̀ ni?

Nítorí náà, bí gúrúùpù yín bá ṣì ń wá ìtàn, ẹ mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù kan lórí tábìlì. Ọwọ́ gbé e, a ò rí ojú. "oko ti de". Ọmọbìnrin náà sáré palẹ̀ mọ́, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ẹni méjì, ó tún gèlè ṣe. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ ẹnìkan rìn kọjá nínú yàrá, ó jókòó síwájú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rí ojú ọmọbìnrin náà bó ṣe ń gbójú sókè, kí ẹ gé e níbẹ̀, kí orúkọ fíìmù wọlé.