Ògiri Iléeṣẹ́ Tó Lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìjà ìdílé ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí sí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: kò bá aláǹgbá wí rárá. Kí aláǹgbá máa wá ihò kiri, ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ògiri ni òwe ń bi ní ohun tó là á lẹ́nu.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní DarkSide wọ kọ̀ǹpútà Colonial Pipeline, iléeṣẹ́ tó ń fi ọ̀pá gbé epo láti Texas lọ sí agbègbè New York ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fáìlì pa, wọ́n ní àfi kí wọ́n gbowó. Ọ̀pá epo dúró fún ọjọ́ bíi márùn-ún, ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ sílé epo, iléeṣẹ́ náà sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là. Wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Àkáǹtì àtijọ́ kan ni wọ́n gbà wọlé, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, tí wọn ò lò mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì rántí tì. Joseph Blount, tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ náà nígbà náà, sọ fún àwọn aṣòfin pé páswọ́ọ̀dù àkáǹtì yẹn le dáadáa. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àgádágodo tó le kò wúlò mọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ olè.

Etí ìró ni ìyá mi àgbà máa ń so kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ rán mi lọ mú aṣọ wá, á tú u: “Sányán tó wà lókè ni o, má tú ti ìsàlẹ̀.” Kí n tó gbé aṣọ sílẹ̀, ó ti tẹ́ ọwọ́ de kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn oníkọ̀ǹpútà pé àṣẹ tó tó iṣẹ́ ẹni ni kí wọ́n fúnni, kó má lé. Ìyá àgbà ò kàwé wọn.

Ojú ló ń tì wá láti ṣe bíi tirẹ̀. Ojú ń tì wá láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tàbí láti sọ fún ẹlẹgbẹ́ wa pé ibí yìí kò kàn án. A rò pé àìfọkàntán ni.

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, páswọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wa fi ń ṣí ìwé owó oṣù. Wọ́n kọ ọ́ sí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ooru ti ká etí rẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ tí owó kan dàrú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó fọwọ́ kàn án, torí orúkọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wa ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sunkún. Lẹ́tà ni iṣẹ́ tirẹ̀, títẹ lẹ́tà; kò sídìí tó fi yẹ kó mọ páswọ́ọ̀dù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.