Júdò: Ìjàkadì Tó Ń Kọ́ni Ní Ìkóra-ẹni-níjàánu

Ọgbọ́n ju agbára, ni àwọn àgbà wí. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni júdò dúró lé, ìyẹn ìjàkadì ilẹ̀ Japan tí tọkùnrin tobìnrin ń kọ́ káàkiri àgbáyé láti fi dáàbò bo ara wọn.

Ọdún 1860 ni wọ́n bí Jigoro Kano tó dá a sílẹ̀. Ènìyàn kúkúrú tí kò sanra ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jù ú lọ sì máa ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1877, ó lọ kọ́ jujútsù, ọgbọ́n ìjà àwọn jagunjagun àtijọ́. Nígbà tó yá, ó yọ èyí tó léwu jù kúrò nínú ìdíje, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882. Akẹ́kọ̀ọ́ 9 péré ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ìtumọ̀ júdò ni ọ̀nà pẹ̀lẹ́. Bí alátakò bá ń ti ènìyàn, kò ní tì í padà. Yóò yẹ̀ fún un, yóò sì fi agbára onítọ̀hún gbé e ṣubú. Ẹni tó mọ ẹkẹ nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè lóye èyí: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá rinlẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń kan ilẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbá ilẹ̀, yóò sì fi apá lu ẹní. Bí wọ́n bá sì há a mọ́lẹ̀, tó fọwọ́ lu ẹní lẹ́ẹ̀mejì, dandan ni kí ẹnìkejì tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni ìwà ti ń yàtọ̀ sí ipá: ẹni tó lè ṣeni léṣe ń kọ́ láti dáwọ́ dúró. Kano kọ́ wọn pé ire ẹnì kan kò gbọdọ̀ pa ti ẹlòmíràn lára.

Júdò wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo lọ́dún 1964. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀ lọ́dún 1992.

Síbẹ̀, bẹ́líìtì dúdú kì í dá ìbọn tàbí ọ̀bẹ dúró. Bí ọ̀nà àtisá bá wà, kí ènìyàn sá. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, òun ni í bógun lọ.