Orin Ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti Ohùn Èdè Ẹni

Bí ènìyàn bá dé Adjamé ní ìlú Abidjan, títí dé apá ibi tí wọ́n ń pè ní Roxy, kì í ṣe ohun ìyanu bí ó bá gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn ará ìlú Yorùbá mìíràn ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire láti ayé ìjọba Faransé. Èdè Faransé tàbí Diúlà ni wọ́n fi ń bá oníbàárà ná ọjà. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń rẹ ọmọ, Yorùbá ni ó fi ń rẹ̀ ẹ́. Inú irú ilé elédè méjì bẹ́ẹ̀ ni a bí orin kan sí ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn: orin tí ẹnì kan ṣoṣo ń kọ, tí ẹnì kejì ń tẹ dùrù sí i, tí àwọn ará Rọ́ṣíà sì ń pè ní romans.

Ní ìlú Petersburg ti ìgbà náà, Faransé ni àwọn ọlọ́lá ń sọ nídìí oúnjẹ àti níbi ijó. Èdè Rọ́ṣíà wà fún ìránṣẹ́, fún àgbẹ̀, àti fún àwọn obìnrin tí ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Alexander Pushkin, akéwì tí a bí ní 1799. Faransé yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹnu Arina Rodionovna, obìnrin tí ń tọ́jú ọmọ nínú ilé wọn, ni ó ti gbọ́ àwọn àlọ́ tí ó padà sọ di ewì. Ó tọ́ kí a rántí pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú wà lára rẹ̀. Abram Gannibal, bàbá àgbà ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú láti Istanbul wá fún ọba Peter ní nǹkan bí 1704 nígbà tí ó ṣì kéré. Ó di ọ̀gágun kí ó tó kú ní 1781. Ọ̀pọ̀ ti sọ pé ará Ethiópíà ni, ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Benin kan, Dieudonné Gnammankou, tẹ ìwé jáde ní 1996, ó sì tọ́ka sí Logone ní àríwá Cameroon. Pushkin fúnra rẹ̀ fi bàbá ńlá yìí yangàn; ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan lórí rẹ̀ ní 1827, kò sì parí rẹ̀.

Mikhail Glinka ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè ní bàbá orin wọn. Ó lọ sí Ítálì ní 1830, ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó kọ́ ọ̀nà ìkọrin wọn, ó sì rí i pé òun kò lè fi òótọ́ inú di ará Ítálì. Ní 1840, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìbọn pa Pushkin, ó mú ewì kan tí Pushkin kọ fún Anna Kern ní 1825, ó sì fi orin sí i fún Ekaterina, ọmọ Anna, tí ọkàn òun náà fà sí. Ìyá gba ewì, ọmọ gba orin. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ Ítálì nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Alexander Dargomyzhsky ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1857 pé ohun tí òun ń fẹ́ ni kí ohùn orin sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, kí ó sì jẹ́ òtítọ́. Èdè Rọ́ṣíà kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bí ti Yorùbá. Ibi tí a bá tẹnu mọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Bí a bá tẹnu mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ zamok, ilé olódi ni; bí a bá tẹnu mọ́ ìparí rẹ̀, àgádágodo ni. Olórin tí kò bá kíyè sí i yóò sọ ilé ọba di àgádágodo lójú èrò.

Modest Mussorgsky, akọ̀wé ìjọba tí owó kì í tó ná, ni ó gbé e dé òpin. Ní 1866 ó kọ orin kan nípa ọ̀dẹ̀ abúlé tí ń bẹ arẹwà obìnrin pé kí ó fẹ́ òun. Orin náà ń lọ ní ẹsẹ̀ márùn-ún márùn-ún, kò sí ibi ìsinmi, akọrin kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ibi mí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ojú ń pọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Láti 1868 títí di 1872 ni ó ṣe àwọn orin inú yàrá ọmọdé, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ ń da obìnrin tí ń tọ́ ọ láàmú pé kí ó pa ìtàn fún òun. Ìlù orin ń yí padà láti ìlà dé ìlà bí ọkàn ọmọ ti ń yí padà. Obìnrin tí ń tọ́ Pushkin ti wọ inú orin níkẹyìn, pẹ̀lú èdè rẹ̀. Mussorgsky kú ní 1881 ní ẹni ọdún 42.

Tchaikovsky kọ ju 100 lọ nínú orin wọ̀nyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn jù. Àwọn kan bá a wí pé kò bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ akéwì tó. Ìbáwí náà kò ṣe aláìní ìdí. Ti Rachmaninov ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Atẹdùrù tí ó lókìkí ni, orin rẹ̀ tí irú rẹ̀ sì wà ju 80 lọ. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ohùn lásán ni akọrin ń fi kọ ọ́. Ó kúrò ní Rọ́ṣíà ní òpin 1917. Ó lo ọdún 25 sí i lókè òkun kí ó tó kú ní Amẹ́ríkà ní 1943, kò sì tún parí romans kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere túmọ̀ orin ìjọ sí Yorùbá, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ obìnrin a di ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ́ àgbẹ̀ a sì di ọkọ̀ ojú omi. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wá àtúnṣe. Orin ìbílẹ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé. Ní 1922 ó lọ sí London, ó sì kọ nǹkan bí 40 orin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Dùrù ni wọ́n tẹ̀ sí i: ohùn Ẹ̀gbá kan àti píánò kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Christ ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tẹ ìwé jáde ní 1953 lórí bí orin Yorùbá ṣe ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ayo Bankole ti ka ẹ̀kọ́ orin ní London nígbà tí ó kọ orin Yorùbá mẹ́ta fún ohùn ọkùnrin àti píánò ní 1959. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ le ju ti Mussorgsky lọ. Dùndún lè fi ọṣán rẹ̀ yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè gẹ́gẹ́ bí ẹnu ti ń ṣe. Ọmọ dùrù kò lè yọ́, ibi tí a bá tẹ̀ ni yóò dún. Akin Euba, ẹgbẹ́ Bankole, ronú pé kí a máa tẹ píánò bí ẹni ń lu ìlù. Ìyẹn fi píánò sí ipò gúdúgúdú, tí ń pa ohun kan náà mọ́ lẹ́yìn, ó sì fi iṣẹ́ ìyáàlù sílẹ̀ fún ẹnu akọrin.

Bankole kú ní 1976 ní ẹni ọdún 41. Euba pẹ́ láyé títí di 2020. Ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni ó ti ń kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni ó sì wà nígbà tí wọ́n ṣe eré olórin rẹ̀ lórí Ọ̀rúnmìlà ní 2002.