Anti, Fún àti Ipò: Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Kan nínú Bíbélì Yorùbá

Ní ojú ọ̀nà Wharf Road ní Àpápá, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ tó ń bọ̀ ní èbúté Àpápá kì í ti í jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ ráyè kọjá, ni ilé Ẹgbẹ́ Bíbélì Nàìjíríà wà. Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kékeré kan wò, èyí tí í ṣe anti, tí kò fara hàn ju ìgbà 22 lọ nínú Májẹ̀mú Titun, ṣùgbọ́n tí ẹrù tó rù kò kéré.

Láti ìpilẹ̀, ohun tó wà ní ọ̀kánkán ni anti ń tọ́ka sí; láti ibẹ̀ ló ti di ti ohun tí a gbé kalẹ̀ kí òmíràn lè gba ipò rẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ wa mọ èyí dunjú: Ákéláù jọba anti Hẹ́rọ́dù baba rẹ̀, "ní ipò" ni wọ́n kọ, ejò anti ẹja, "dípò" ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Máàkù 10:45, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ẹ̀mí rẹ̀ tí yóò ṣe ìràpadà anti ọ̀pọ̀lọpọ̀, "fún" ni wọ́n kọ, "fún" kan náà tí wọ́n fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì mìíràn, huper, nínú Tímótì Kìíní 2:6.

Apá "fún" gùn jù. Bí ajẹ́ńtì kan bá dúró lẹ́nu géètì èbúté tí ó ní, "Mo ti sanwó fún ọ̀gá mi," ta ni yóò mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀gá ni owó bọ́ sí, tàbí gbèsè ọ̀gá ni ó bá a san fún kọ́sítọ́ọ̀mù? Bí ó bá ní ipò ọ̀gá òun ni òun ti san án, iyàn parí. Àwọn àgbà náà ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún; olùgbà ni "fún" ibẹ̀ ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹni tí a gba ipò rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Àjàyí Crowther, olórí àwọn olùtumọ̀ náà, kò mọ ohun tí pàṣípààrọ̀ jẹ́, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n fi gba ẹṣin, tí wọ́n sì tún dá padà nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ni lọ́rùn. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà "ìràpadà" ló gbé ìtumọ̀ anti pọ̀n: ní 1884 tí Bíbélì lódindi jáde, ta ni kò tíì rí ìwọ̀fà, tàbí ẹrú tí àwọn ará rẹ̀ ń wá owó tí wọn yóò fi rà á padà? Lónìí, ọmọ Ajégúnlẹ̀ kò gbọ́ "ìràpadà" níbi kankan bí kò ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì, "fún" nìkan kò sì lè ru ẹrù náà mọ́. Nítorí náà, bí a bá tún Bíbélì náà ṣe, kí "ní ipò" wọ Máàkù 10:45, kí "fún" máa bá huper lọ, nítorí pé huper fẹ̀: àǹfààní ẹni ni ó sábà máa ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akọ̀wé Íjíbítì àtijọ́ a máa lò ó nígbà tí wọ́n bá bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ̀wé.

Ó ku Jòhánù 1:16, níbi tí oore-ọ̀fẹ́ anti oore-ọ̀fẹ́ ti di oore-ọ̀fẹ́ "kún" oore-ọ̀fẹ́. Bí ọkọ̀ òkun kan ti ń ṣí ní èbúté tí òmíràn ń wọlé sí ipò rẹ̀ ni Gíríìkì ibẹ̀ rí lójú tèmi, nígbà tí "kún" ń tò wọ́n jọ lérí ara wọn. Síbẹ̀ n kò rí ìjọ tí yóò gbà kí a yọ "kún" yìí kúrò, n kò sì ní bá wọn jà sí i.