Sal: Erékùṣù iyọ̀ tó di ibùdó àwọn tó ń gun ìgbì òkun

Iyọ̀ ni "Sal" túmọ̀ sí lédè Potogí. Ní Pedra de Lume, lórí erékùṣù Cape Verde yìí, omi òkun máa ń sun wọnú ihò òkè ayọnáyèéfín, oòrùn á sì gbẹ ẹ́ di iyọ̀. Àwọn ẹrú ni wọ́n fi kó o jọ nígbà kan. Ẹlòmíì ló jèrè.

Òkun kan náà ló ń fa àlejò wá lónìí. Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta, ìjì àríwá Àtìláńtíìkì máa ń ti ìgbì ńlá dé Ponta Preta. Àpáta pọ̀ níbẹ̀ o, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń kọ́ eré yìí. Santa Maria ló rọrùn.

Lọ́dún 2008, ọmọ Sal kan, Mitu Monteiro, gba ipò kìíní lágbàáyé nínú kitesurf orí ìgbì.