Bí Iṣẹ́ Ọ̀pá Epo Ṣe Bọ́ Sọ́wọ́ Ọkọ̀ Agbépo

Ta ni nínú wa tí kò tíì jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lẹ́yìn ọkọ̀ agbépo lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn? Àwọn awakọ̀ la máa ń bú. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé ẹ̀bi náà kọjá tiwọn.

Inú ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ṣètò pé kí epo máa gbà. Bí ọkọ̀ ojú omi bá já epo sí Atlas Cove l'Ékòó, ọ̀pá á gbé e dé ibùdó epo Mósímì nítòsí Ṣágámù. Ẹ̀ka kan lọ sí Èjìgbò, òmíràn gba Àpáta n'Ìbàdàn kọjá lọ sí Òkè-Oyì lẹ́bàá Ìlọrin. Iṣẹ́ ọkọ̀ agbépo kò ju kó gbé epo láti ibùdó tó sún mọ́ ọn lọ sí ilé epo.

Ní 1975, ìjọba dá Petroleum Equalisation Fund sílẹ̀, kó máa san owó ọkọ̀ padà fún àwọn oníṣòwò, kí iye epo lè dọ́gba káàkiri Nàìjíríà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà jíjìn kò ba oníṣòwò lẹ́rù mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olè dojú kọ ọ̀pá. Ní oṣù Karùn-ún 2006, iná sọ ní Ìládò l'Ékòó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ti Abúlé Ẹ̀gbá pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Bí ọ̀pá ṣe ń bàjẹ́ ni àwọn ibùdó ìjọba ń gbẹ, tí ibùdó aládàáni sì ń pọ̀ sí i ní Àpápá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń ru 33,000 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wá ń tò gbọọrọgbọ, tí wọ́n sì ń forí lé ìlú tó jìnnà réré.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2018, ọ̀kan nínú wọn gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá. Ó kéré tán, ènìyàn 9 kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná.

Ilé ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹntiróòlù jáde ní 2024, síbẹ̀ ọkọ̀ agbépo ṣì ń to síwájú rẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Títí ọ̀pá yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́, àwa tí à ń rin ọ̀nà náà ni yóò máa san gbèsè rẹ̀.