Fífi Páìpù Epo sí Bọ́ílà ní Ara àti Agbègbè Ẹdẹ

Bọ́ílà ni ìkòkò irin ńlá tí a fi ń sọ omi di gbígbóná tàbí ooru. Ilé ìwòsàn ń fi í fọ aṣọ, wọ́n sì ń fi í pa kòkòrò àìsàn lára ohun èlò. Ilé ìdáná àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-iṣẹ́ tí ń bọ ẹyìn náà ń lò ó. Ihá, èèpo ẹkùrọ́ àti igi ni ọ̀pọ̀ ẹbu epo ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ń dáná. Ẹni tí ó bá yàn láti lo epo dísẹ́ẹ̀lì nílò táǹkì, páìpù àti ẹ̀rọ tí ń fọ́n epo sínú iná. Orí páìpù yìí ni àlàyé wa dá lé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ara àti agbègbè rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé kànga. Odò Ẹ̀rìnlẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ omi tó wà ní Ẹdẹ sì ti ń fa omi. Epo tí ń jò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ lè wọ inú kànga kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, omi irú kànga bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè mọ́. Èyí tí ó bá jò sítòsí iná lè jó ilé.

Táǹkì

Kí táǹkì wà lórí ìpìlẹ̀ kọnkéré tí ó dọ́gba, kí ó jìnnà sí kànga àti sí ojú àgbàrá. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 1.8, àfi bí a bá mọ ògiri tí iná kò lè jó sí àárín wọn. Kí a mọ odi yí i ká tí yóò lè gba epo inú rẹ̀ àti ìdá mẹ́wàá lé e. Bí táǹkì bá gba lítà 2,000, kí odi náà lè gba lítà 2,200.

Ọ̀nà méjì tí epo ń gbà dé inú iná

Bí táǹkì bá ga ju ẹ̀rọ tí ń fọ́n epo lọ, epo yóò máa ṣàn wá fúnra rẹ̀, páìpù kan sì tó. Bí táǹkì bá rẹlẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ ni yóò máa fa epo sókè. Nígbà náà, páìpù méjì ni a sábà máa ń lò: ọ̀kan ń gbé epo wá, èkejì ń dá èyí tí ó ṣẹ́kù padà sí táǹkì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó bá há sínú páìpù ni ó sábà máa ń mú kí iná kú láìròtẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a má jẹ́ kí páìpù wọ́ gọngọ sókè níbi kankan lójú ọ̀nà.

Irú páìpù àti ìsopọ̀

Páìpù bàbà tàbí ti irin lásán ni ó dára. Kí a yàgò fún irin tí a fi síǹkì bò, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì máa ń bá síǹkì jà, ohun tí ó bá jáde níbẹ̀ a sì dí ẹ̀rọ. Kí a má ṣe fi òjé jó ojú ìsopọ̀, nítorí iná lè yọ́ ọ. Ìsopọ̀ tí a fi sípánà dè ni kí a lò. Téèpù funfun tí àwọn púlọ́mbà ń wé mọ́ páìpù omi kò yẹ fún ti epo, nítorí ìrépé rẹ̀ lè já wọ inú ẹ̀rọ. Páìpù tí yóò gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ wà nínú páìpù mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ, kí a má sì ṣe so ó pọ̀ níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà

- Fáàfù ní ìdí táǹkì, tí a lè fi ọwọ́ tì.
- Asẹ́ tí ń gba ìdọ̀tí àti omi. Ní ìgbà òjò, omi a máa kóra jọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, nítorí náà kí a máa tú u dànù.
- Fáàfù iná, tí ń ti ara rẹ̀ pa bí ooru bá pọ̀ jù. Ìta ilé ni kí fáàfù náà wà. Ohun tí ń mọ ooru lára rẹ̀ ni yóò wà lórí ẹ̀rọ tí ń fọ́n epo.
- Páìpù rírọ̀ tí ó so mọ́ ẹ̀rọ. Ó dára kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àyẹ̀wò kí a tó tan iná

Kí a yọ ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu páìpù, kí a dí ẹnu rẹ̀, kí a sì fi afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bí aago ìwọ̀n bá ń lọ sílẹ̀, ó ń jò. Omi ọṣẹ tí a bá fi pa ojú ìsopọ̀ yóò hó níbi tí ó ti ń jò. Kí a má ṣe fi ìṣáná wá a. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu epo bẹntiróòlù sínú táǹkì dísẹ́ẹ̀lì: ooru inú afẹ́fẹ́ lásán ti tó láti mú kí bẹntiróòlù tú èéfín tí ó lè gbiná.

Bí iná bá ṣẹ́ yọ

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi ni a fi ń pa iná, ṣùgbọ́n iná epo kò rí bẹ́ẹ̀: omi a máa gbé e káàkiri ni. Bí ó bá ṣeé ṣe láìséwu, kí a ti fáàfù ìdí táǹkì. Iyanrìn gbígbẹ tàbí ohun èlò ìpaná olófòófò ni kí a lò bí iná bá kéré. Bí ó bá ti pọ̀, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí a sì pe 112.

Òfin tí ó de àwọn ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà béèrè pé kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa yẹ bọ́ílà tí ń ṣe ooru wò. Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ni ó ń mójú tó èyí. A rọ gbogbo onílé-iṣẹ́ ní Ara, Ẹdẹ àti agbègbè wọn láti gba ìmọ̀ràn àwọn Panápaná Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ fún páìpù, nítorí ohun tí a bá ti bò mọ́lẹ̀ ṣòro láti tún ṣe.